Ẹni tó ni ọjà wà nínú ìsọ̀: ìrírí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìtajà ńlá

Irinṣẹ́ àti ohun èlò àtúnṣe ilé ni mò ń tà: ìṣó, súkúrù, páìpù, àgádágodo, ọ̀dà, gílóòbù, wáyà iná, pẹ̀lú àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí ènìyàn kì í rántí àfi lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ilé. Ìsọ̀ mi kò tóbi. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ń rí ògiri ẹ̀yìn. Nígbà tí ilé-ìtajà ńlá kan tó ní ẹ̀ka káàkiri wá ṣí ẹ̀ka sí tòsí wa, ohun kan náà ni tọmọdé tàgbà ń bi mí: ṣé màá lè tà ní owó pọ́ọ́kú bíi tiwọn? Mo ti wá mọ̀ pé ìbéèrè yẹn gan-an ló ń pa ìsọ̀ kékeré. Ẹni tó bá gbà pé iye owó nìkan ni ọ̀rọ̀ náà dá lé ti gbà láti jà níbi tí agbára ẹnìkejì pọ̀ sí jù lọ. Èyí tó yẹ ká máa bi ara wa ni pé, kí ló wà lọ́wọ́ wa tí kò sí lọ́wọ́ wọn?

Ìdáhùn tí èmi rí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Nínú ìsọ̀ kékeré, ẹni tó ni ọjà wà níbẹ̀. Ó ń fi ojú ara rẹ̀ rí oníbàárà, ó ń fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tó ń wá, ó sì lè pinnu kí oníbàárà náà tó jáde. Ohun yòówù tí mo rí tó ṣiṣẹ́ fún mi láti ìgbà náà wá, orí èyí ló dúró lé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí owó pọ́ọ́kú wọn ti ń wá, nítorí púpọ̀ nínú wa ló ń wò ó bíi pé idán ni. Láyé àtijọ́, oníbàárà a dúró níwájú káńtà, a dárúkọ ohun tó ń fẹ́, ẹni tó ń tajà a sì lọ mú un wá fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 1916, ní ìlú Memphis ní Amẹ́ríkà, Clarence Saunders ṣí ìsọ̀ kan tó pè ní Piggly Wiggly, níbi tí oníbàárà fúnra rẹ̀ ti ń rìn láàárín àwọn pẹpẹ, tó ń mú ohun tó wù ú, tó sì ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gbowó. Iṣẹ́ òṣìṣẹ́ di iṣẹ́ oníbàárà, ìnáwó sì wálẹ̀. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1930, ilé-iṣẹ́ A&P, tó ń ta oúnjẹ, ti ní ìsọ̀ tó lé ní 15,000 ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó ń rajà fún ìsọ̀ tó tó báyẹn, bó bá dárúkọ iye tó fẹ́ san, agbára káká ni olùpèsè fi máa sọ pé rárá. Sam Walton tó dá ilé-ìtajà ńlá Walmart sílẹ̀ ní Rogers, ní ìpínlẹ̀ Arkansas, lọ́dún 1962, ìsọ̀ kékeré lòun náà fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1945. Ohun tó kọ́ níbẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá dín èrè orí ọjà kọ̀ọ̀kan kù, tí ọjà náà sì yá gan-an, àpapọ̀ èrè lè pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọjà yíyá yẹn ni kókó ibẹ̀. Ilé-ìtajà tí èrò ń ti ọ̀nà jíjìn wọ́ lọ síbẹ̀ lè gé èrè rẹ̀ kù, kí iye tó ń tà sì dí àlàfo náà. Ìsọ̀ tó jẹ́ pé àwọn ará àdúgbò kan ló ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè ṣe é. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ọjà kan wà tí à ń tà ní 100, tí a rà ní 70. Èrè wa jẹ́ 30. Bí a bá yọ 10 kúrò lórí rẹ̀ ká lè súnmọ́ ilé-ìtajà ńlá, èrè di 20. Kí a tó lè rí iye èrè tí à ń rí tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń ta ẹyọ 20 lọ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ta 30. Níbo ni àwọn tó máa ra ẹyọ 10 yẹn yóò ti wá, nígbà tí ará àdúgbò kò pọ̀ sí i, tí ilé-ìtajà ńlá sì ti kó nínú wọn lọ? Mo rí àwọn olóòwò tó gé iye owó orí gbogbo ọjà wọn lọ́sẹ̀ tí ilé-ìtajà náà ṣílẹ̀kùn. Oníbàárà yìn wọ́n. Kò pẹ́ rárá tí wọn kò fi rí owó ra ọjà mìíràn dípò èyí tó tán, àtẹ tó ṣófo sì ń lé oníbàárà sá ju ọjà tó wọ́n lọ.

Èmi wọ inú ilé-ìtajà wọn lọ. Mo gba gbogbo olóòwò kékeré níyànjú pé kó ṣe bẹ́ẹ̀, kó mú bírò àti ìwé dání, kó sì máa padà lọ. Mo kọ iye tí wọ́n ń ta àwọn ohun tí èmi náà ń tà. Ọjà tí wọ́n gbé owó rẹ̀ wálẹ̀ ní tòótọ́ kò pọ̀. Àwọn tí gbogbo ènìyàn mọ iye rẹ̀ sórí ni, irú èyí tí wọ́n ń kọ gàdàgbà gàdàgbà síwájú ilé àti sínú ìwé ìpolówó. Nígbà mìíràn irú ilé-ìtajà bẹ́ẹ̀ a tilẹ̀ ta irú ọjà yìí láìsí èrè, tàbí kí wọ́n pàdánù díẹ̀ lórí rẹ̀, kí èrò ṣáà lè wọlé. Orí àwọn yòókù, tí ẹnikẹ́ni kì í rántí iye rẹ̀, ni wọ́n ti ń gba owó wọn padà. Nígbà tí mo dé ìdí súkúrù, wáṣà, ìdérí páìpù àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀, mo rí i pé lórí púpọ̀ nínú wọn, iye tèmi kò ju tiwọn lọ. Lórí àwọn kan, tiwọn ló wọ́n jù.

Láti ìgbà náà, ìwọ̀nba ọjà tí àwọn ènìyàn fi ń díwọ̀n olóòwò ni mo mú súnmọ́ iye tiwọn. Èyí tí agbára mi kò ká, mo yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ pátápátá. Mi ò ta ẹ̀rọ ńláńlá inú páálí mọ́. Ọ̀dà agolo ńlá tí wọ́n fi ń kun odidi ilé, tiwọn ni. Mo ń sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà láìtijú, mo sì ń júwe ọ̀nà fún un. Ó dùn mí díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí olóòwò tó fẹ́ kí ènìyàn jáde láìra nǹkan. Ṣùgbọ́n àyè tí àwọn ọjà yẹn gbà ṣófo fún mi, ibẹ̀ ni mo sì ti ráyè ṣe iṣẹ́ tó jẹ́ tèmi gan-an.

Ìwé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti ń gbowó. Ohunkóhun tí oníbàárà bá béèrè tí kò sí, inú rẹ̀ là ń kọ ọ́ sí, yálà a mọ orúkọ rẹ̀ tàbí a kò mọ̀ ọ́n. Bí oníbàárà bá kàn fi ọwọ́ júwe nǹkan, a ó ya àwòrán rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìsọ̀ mi, bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo, ìwé yẹn ni màá mú. Ọjà tí a tà, owó rẹ̀ ti wọlé, a ó sì rántí rẹ̀. Èyí tí a kò tà nítorí pé a kò ní in kì í fi àpẹẹrẹ kankan sílẹ̀: oníbàárà á ní “ó dáa, ẹ ṣeun,” á jáde, bíi pé kò wá rí. Bó bá ṣẹlẹ̀ léraléra, kò ní wá mọ́, a kò sì ní mọ ìdí rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ilé-ìtajà ńlá kò lè mọ irú nǹkan yìí. Lọ́dún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ka àmì onílà dúdú àti funfun ara ọjà lẹ́nu ìtajà, ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan nílùú Troy, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ṣingọ́ọ̀mù ni ọjà náà. Láti ìgbà náà, díẹ̀díẹ̀, àwọn ilé-ìtajà ńlá wá lè mọ gbogbo ohun tó jáde lẹ́nu ọ̀nà wọn, wákàtí tó jáde, àti ohun tí wọ́n rà mọ́ ọn. Ìmọ̀ tó lágbára ni, mi ò sì fojú kéré rẹ̀. Èmi náà ti ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a tà nìkan ni ẹ̀rọ ń kà. Ohun tí ènìyàn wá tí kò rí, etí ènìyàn nìkan ló ń gbọ́ ọ.

Inú ìwé yẹn ni mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ ilé àdúgbò wa ni wọ́n kọ́ ní sáà kan náà, tí irú ẹ̀rọ omi kan náà àti irú ìdè fèrèsé kan náà sì wà nínú wọn. Nígbà tí ọjọ́ bá gorí ọjọ́, ohun kan náà ló ń bàjẹ́ lára wọn. Róbà kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ omi yẹn tó máa ń jẹrà. Ilé-ìtajà ńlá kò tà á. Odidi ẹ̀rọ omi tuntun ni wọ́n ń tà. Mi ò rò pé ìkà ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó ń yan ọjà fún gbogbo ẹ̀ka wọn jókòó sí ibi tó jìnnà, àdúgbò tiwa kò sì tó nǹkan nínú ìṣirò rẹ̀. Èmi wá ẹni tó ń ṣe róbà náà rí, mo sì kó o wọlé. Èrè orí rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń wá a kiri, tó sì rí i lọ́wọ́ mi, kì í dákẹ́. Aládùúgbò rẹ̀ tí ẹ̀rọ omi tirẹ̀ ń jò yóò gbọ́. Àwọn méjèèjì yóò wá, wọn kì í sì ra róbà nìkan lọ.

Ẹ wò ó, iye oríṣi ọjà kọ́ ni agbára. Ẹ̀ka Walmart tó tóbi lè ní oríṣi ọjà tó lé ní 100,000. Costco, tó wà lára àwọn ilé-ìtajà tó tóbi jù lọ láyé, kì í ní ju nǹkan bí 4,000 lọ lórí àtẹ rẹ̀, ó sì ń jèrè dáadáa. Yíyàn ni iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá sì fẹ́ yàn dáadáa gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń yàn fún.

Àpẹẹrẹ tó fi ọkàn mi balẹ̀ jù lọ lórí èyí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ilé-ìtajà ńlá fúnra wọn. Waterstones, tó ń ta ìwé ní Britain, wà nínú ìṣòro ńlá nígbà tí wọ́n fi James Daunt ṣe ọ̀gá ibẹ̀ lọ́dún 2011. Láti 1990 ni ọkùnrin yìí ti ní ìsọ̀ ìwé tirẹ̀ ní London. Kó tó débẹ̀, àwọn tó ń tẹ ìwé máa ń san owó fún Waterstones kí ìwé wọn lè wà níwájú, nítorí náà ohun kan náà ló ń pàdé oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ka gbogbo. Daunt fòpin sí owó yẹn, ó sì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa yan ìwé tó bá àwọn ará àdúgbò wọn mu. Waterstones bọ́ lọ́wọ́ ikú. Lọ́dún 2019, wọ́n tún fi Barnes & Noble ti Amẹ́ríkà, tó ń ta ìwé bákan náà, lé e lọ́wọ́, ọ̀nà kan náà ló sì tọ̀ níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Borders, tí òun náà ń ta ìwé ní Amẹ́ríkà, ti kógbá sílé lọ́dún 2011, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ìsọ̀ ìwé aládàáni Amẹ́ríkà tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i láti 2009. Nígbà tí mo mọ ìtàn yìí, mo jókòó, mo rò ó dáadáa. Ohun tí ilé-ìtajà ńlá ní láti ṣe kó tó yè ni pé kó dá agbára ìpinnu padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń rí oníbàárà. Agbára yẹn, àwa ní in láti ọjọ́ tí a ti ṣílẹ̀kùn. Ẹ wá wo iye ìgbà tí à ń jókòó tì í láìlò ó.

Bí mo ṣe ń lò ó rèé. Inú páálí ni ilé-ìtajà ńlá ti ń ta súkúrù, ẹyọ 50 tàbí 100 lẹ́ẹ̀kan. Èmi ń ta ẹyọ kan fún ẹni tó nílò ẹyọ kan, mo sì ń fún un ní èyí tó bá ihò náà mu. Ẹni tó dá ọjà padà kì í kọ fọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ mi. Mo wò ó, mo gbà á, tàbí mo sọ ìdí tí mi ò fi lè gbà á fún un lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gé páìpù, mo bá a gé e. Ẹni tó fẹ́ ra ohun tí kò ní ṣiṣẹ́ fún un, mo sọ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó yẹ fún un kò tó ìdajì owó tó fẹ́ ná. Àwọn kan máa ń gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ mi tán, wọ́n á sì lọ ra ọjà náà ní ilé-ìtajà ńlá. Mi ò bínú sí wọn. Ohun tí mo ṣe ni pé mo pín ìmọ̀ràn sí méjì: èyí tí a lè sọ lórí ìdúró, ọ̀fẹ́ ni títí láé, èyí tó gba pé kí n wá sílé yín, kí n wọn nǹkan, kí n kọ gbogbo ohun tí iṣẹ́ náà máa gbà sílẹ̀, ó ní owó, màá sì yọ owó náà kúrò bí ẹ bá ra ọjà lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn ń bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ràn náà jù ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, mímọ oníbàárà kì í mú kí olùpèsè dín owó ọjà kù fún ènìyàn. Nídìí ríra ọjà, kékeré ni ìsọ̀ kékeré yóò máa jẹ́ àfi bó bá dara pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ olóòwò ni kì í fẹ́ gbọ́ èyí, nítorí ohun tó mú wa ṣí ìsọ̀ tiwa ni pé a fẹ́ wà láàyè ara wa. Àwọn tó ti gbọ́ ọ tipẹ́ rí èrè rẹ̀. Lọ́dún 1898, àwọn oníṣòwò kan ní Berlin kóra jọ láti máa rajà pọ̀. Lára irú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bẹ́ẹ̀ ni Edeka ti jáde, tí wọ́n so pọ̀ di àjọ lọ́dún 1907. Lónìí, Edeka ló tóbi jù nínú àwọn tó ń ta oúnjẹ ní Jámánì, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ti oníṣòwò aládàáni tó ń bójú tó o fúnra rẹ̀. Walmart wọ orílẹ̀-èdè yẹn ní 1997; nígbà tó di 2006, ó ti kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ní Faransé, Édouard Leclerc bẹ̀rẹ̀ ìsọ̀ rẹ̀ ní Landerneau lọ́dún 1949, ohun tó sì ti ibẹ̀ jáde ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù tí kálukú ní ìsọ̀ tirẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọ́n jọ ń rajà. Nínú òwò tèmi, Ace Hardware bẹ̀rẹ̀ ní Chicago lọ́dún 1924, nígbà tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù mélòó kan fẹ́ máa rajà pọ̀. Lónìí ìsọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn lé ní 5,000, àwọn oníṣọ́ọ̀bù náà ló sì ni àjọ ọ̀hún. Home Depot, tí òun náà ń ta irú ọjà yìí, ṣí ilé-ìtajà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Atlanta lọ́dún 1979, ó sì di òmìrán tí gbogbo ayé mọ̀. Ace ṣì wà.

Èmi àti àwọn mìíràn tó ń ta irú ọjà tí mò ń tà, tí ìsọ̀ wa jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fi du oníbàárà mọ́ ara wa lọ́wọ́, dá ẹgbẹ́ kékeré sílẹ̀. Ọjà tó ń yá lọ́wọ́ gbogbo wa nìkan là ń rà pọ̀: ìṣó, súkúrù, páìpù, wáyà. Kálukú ń san owó tirẹ̀ kí a tó fi àṣẹ ríra ránṣẹ́. A kò fipá mú ẹnikẹ́ni gba ohun tí kò fẹ́. Ẹnìkan nínú wa ló ń gba ẹrù sílé, a sì ń gbà á ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Iye tí olùpèsè ń tà fún wa wálẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ìfọkàntán ló ṣòro ju owó lọ. Ta ni yóò gba ọjà tó fọ́ lójú ọ̀nà? Ta ni yóò san owó ẹni tó gba ẹrù sílé? Ẹgbẹ́ tí kò bá kọ ìdáhùn àwọn nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ kí ẹrù àkọ́kọ́ tó dé yóò tú ká nídìí páálí ìṣó kan. Ohun kan tí a sì fi ṣe òfin wa ni pé ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ẹnikẹ́ni máa tò sórí àtẹ rẹ̀. A jọ ń rà, kálukú ló ń yàn. Bí a bá fi yíyàn náà lé ẹgbẹ́ lọ́wọ́, a ti sọ ara wa di ilé-ìtajà ńlá tí kò lówó nìyẹn.

Àǹfààní kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Ọ̀pọ̀ ilé-ìtajà ńlá kì í tètè sanwó fún olùpèsè. Wọ́n lè dì í mú fún oṣù kan, oṣù méjì, kódà kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olùpèsè tó kéré bíi tiwa ló ń jìyà rẹ̀. Mo lọ bá irú wọn, mo ní màá máa sanwó láàárín ọjọ́ 10 dípò ọjọ́ 30, kí wọ́n sì yọ 2 nínú 100 fún mi. Ó dà bí ẹni pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rí 2 nínú 100 nítorí pé ó fi ọjọ́ 20 yá sísan, tó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ yípo ọdún, ohun tó ń rí ju èlé 36 nínú 100 lọ́dún lọ. Mi ò mọ ibi tí mo ti lè fi owó pamọ́ tí yóò mú irú èyí wá. Yàtọ̀ sí owó, nígbà tí ọjà bá wọ́n gógó tí kò kárí, ẹni tó ń tètè sanwó ni olùpèsè ń kọ́kọ́ rántí.

Ọ̀rọ̀ àwìn kò rọrùn. Àwọn púlọ́ńbà, káfíńtà àti bíríkìlà ló ń gbé ìsọ̀ bíi tèmi ró, wọn kì í sì í gba owó iṣẹ́ wọn àfi bí iṣẹ́ bá parí. Ilé-ìtajà ńlá kò mọ̀ wọ́n. Fọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń díwọ̀n wọn. Èmi mọ ẹni tó ń parí iṣẹ́ àti ẹni tó máa ń fi í sílẹ̀ láàbọ̀. Mo mọ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ déédéé. Nítorí náà mo ń fún wọn láwìn, ṣùgbọ́n iye kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọjá, orúkọ ẹni tó bá sì jẹ gbèsè àkọ́kọ́ kì í wọ ìwé kejì títí yóò fi san án. Agogo tí mo ń ṣílẹ̀kùn ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ yìí náà bá mi yàn: kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́, mo ti ṣí.

Lórí òfin, èrò mi kò fi bẹ́ẹ̀ gùn. Amẹ́ríkà ṣe òfin Robinson-Patman lọ́dún 1936 nítorí pé àwọn olùpèsè ń ta ọjà kan náà fún àwọn ilé-ìtajà ńlá ní iye tó kéré débi pé ìsọ̀ kékeré kò lè mí. Faransé ṣe òfin lọ́dún 1981 pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dín owó ìwé tuntun kù ju 5 nínú 100 lọ, títí dòní ìsọ̀ ìwé kéékèèké sì pọ̀ níbẹ̀. Ní Britain, àdéhùn tó so iye owó ìwé mọ́lẹ̀ láti 1900 tú ká ní 1995, ilé ẹjọ́ sì fòpin sí i pátápátá ní 1997. Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ìwé aládàáni ló ti ilẹ̀kùn ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń sọ pé kí kékeré kàn múra síṣẹ́, kó má wo òfin, kò tíì wo ìwé ríra ọjà wò. Ó tọ́ kí ìjọba rí i pé iye tí olùpèsè ń tà fún ńlá àti kékeré kò yàtọ̀ láìnídìí. Ohun tí òfin kò lè ṣe ni pé kó mú ẹnikẹ́ni wọlé wá rajà.

Íntánẹ́ẹ̀tì náà, bẹ́ẹ̀. Mi ò ní ilé-ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò sì rò pé gbogbo ìsọ̀ kékeré nílò rẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ibi tí ìsọ̀ wà àti agogo tó ń ṣí wà lórí máàpù bó ṣe tọ́, kí nọ́ńbà ìpè ṣiṣẹ́, kí ẹnìkan sì máa gbé e. Oníbàárà ń ya fọ́tò ohun tó bàjẹ́, ó ń fi í ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, a ó sì sọ fún un bóyá a ní in kó tó wọkọ̀.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù nísinsìnyí ni pé mi ò lè wà nínú ìsọ̀ nígbà gbogbo. Bó bá jẹ́ pé wíwà tí ẹni tó lè pinnu wà níbẹ̀ ni agbára wa, ọjọ́ tí mi ò bá sí ńkọ́? Oníbàárà tí wọ́n bá sọ fún pé “ẹ dúró kí ọ̀gá dé” kò yàtọ̀ sí ẹni tó wà ní ilé-ìtajà ńlá. Mo wá fún àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní àṣẹ gidi. Iye kan wà tí wọ́n lè fi gba ọjà padà, tí wọ́n lè fi dín owó kù, tí wọ́n lè fi pàṣẹ ohun tí oníbàárà béèrè, láìpè mí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè a jọ ń ka ìwé ohun tí a kò ní, mo sì ya díẹ̀ nínú owó ríra sọ́tọ̀ kí àwọn fúnra wọn fi yan ọjà tuntun. Ọwọ́ ilẹ̀kùn kan tó rọrùn fún àgbàlagbà láti dì mú, òṣìṣẹ́ kan ló yàn án, nítorí pé ó ti rí àwọn ìyá àgbà tó ń kérora lórí èyí tó rí róbótó. Ó ti wà lára ohun tó ń yá jù lórí àtẹ wa. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀, òun ni yóò jókòó nípò mi, yóò sì dìbò lórí ohun tí a máa jọ rà.